Fùfú Ọjọ́ Mẹ́ta

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìkòkò ẹ̀gẹ́ wa kò rùn. Nígbà òjò, bí màmá mi bá rẹ ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ilé wa ní Gangare, lókè Ọya, kí ọjọ́ kẹta tó pé, gbogbo agboolé ni yóò ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Mama Ladi, aládùúgbò wa tó ń ta kunu, a di imú mú, a ní fún bàbá mi pé: "Haba, Malam! Ṣé òkú lẹ fẹ́ jẹ ni?" Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti dé báyìí, ó ń la ètè wa bí abẹ, omi inú ìkòkò sì mọ́ kedere bí èyí tí a fẹ́ mu.

Ìjọba ló gbé bàbá mi wá láti Èkìtì, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní sáyẹ́ǹsì. Lọ́sẹ̀ náà, òkun ló ń kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò fojú kan òkun rí. Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ fi dánra wò ní pálọ̀.

"Àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan wà nínú omi etí òkun, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ló ń jẹ ewé àti ẹja tó ti kú títí yóò fi jẹrà. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, iṣẹ́ wọn a yá. Bí ó bá tutù ńkọ́?"

"Wọn a máa fẹsẹ̀ falẹ̀, sà."

"O káre, Títí!"

Nígbà tí ọjọ́ kẹta pé, màmá mi tẹ ẹ̀gẹ́ náà wò. "Bàbá Títí, kò tíì rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kẹfà."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi ń rẹ ẹ́ l'Ékìtì. Àbí o mọ̀ ọ́n ju ìyá mi lọ?"

Màmá mi fèsì bó ti máa ń ṣe: "Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀."

"Ohun tó kéré ju ìfun èèrà lọ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ṣe!"

Mama Ladi yọjú. "Malam, òtútù ni o. Kunu mi gan-an kì í tètè kan lásìkò yìí."

"Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ la ń sọ," ni bàbá mi wí.

Ni wọ́n bá gún ẹ̀gẹ́ líle náà lódó, wọ́n sì rò ó. Fùfú náà funfun gbòò, ṣùgbọ́n ó korò. Bàbá mi ní ohun tó bá korò ló ń fọ inú. Màmá mi ní inú ń run òun, kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n bi bàbá mi nípa òtútù àti àwọn ẹ̀dá tíntìntín rẹ̀, àmọ́ òkèlè ni mo fi dí ara mi lẹ́nu.

Kí oòrùn tó yí, orí mi ti ń yí. Mo bì títí kò fi ku nǹkan kan nínú mi, àyà mi há, mi ò lè mí dáadáa. Bàbá mi ń jẹ̀rora lórí ẹní kejì. Ẹ̀yìn Mama Ladi ni mo wà títí dé ọsibítù, ó ń sáré, ó ń pariwo, "Kada ki mutu! Má kùú o!" Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ fún màmá mi pé òun kò mọ̀ bóyá n óò rí òwúrọ̀.

Mo rí i. Dókítà sì dúró ti bẹ́ẹ̀dì bàbá mi. "Bàbá, májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tí kò bá rọ̀. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Tíṣà ni mí."

"Kí lẹ ń kọ́ wọn?"

Bàbá mi yíjú sí ògiri. "Ìmọ̀ Bíbélì."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó padà sí kíláàsì, ó parí ẹ̀kọ́ òkun, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀rù náà kò sì tíì tán lára mi. Bí ọyẹ́ bá dé, mi ò ní ra fùfú láìwádìí. "Ọjọ́ mélòó lẹ rẹ ẹ́? Ṣé ó rọ̀ dáadáa?" Ọkọ mi a sọ pé mo ń dójú ti òun. Obìnrin kan tó ń tà á bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ṣé ọlọ́pàá ni yín ni?" Mo ní rárá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló ní ìbéèrè kan lẹ́nu tí kò lè bi bàbá rẹ̀. Èmi ni mo ń bá a bi í.