Ìgbà Mẹ́ta Tí Mo Kí Ẹ̀gbọ́n Lórí Rédíò

Òórùn eruku tó ń jóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí a bá ti tan rédíò ńlá inú ọ́fíìsì wa ní àdúgbò Lazaret láàárọ̀, eruku tó ti bà lé e láti àná á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, òórùn rẹ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ ti epo ọkọ̀ láti inú ọgbà. Ìwọ náà gbé Niamey láyé àwọn ológun yẹn, o mọ bí nǹkan ṣe rí. Yureníọ̀mù ti kọ ojú gbogbo ayé sí ìhà àríwá, kò sì sí ohun tí wọn kì í kó lọ sí Arlit, ìlú tí wọ́n ti ń wà á nínú aṣálẹ̀, látorí sìmẹ́ńtì dórí àlùbọ́sà. Ọkọ̀ ẹrù ni ọ̀gá mi ń rán lọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí n sì kọ ibi tí oníkálukú dé sílẹ̀. Faransé nìkan ni ìjọba gbà kí a sọ, torí àwọn ológun náà ń gbọ́. Mo gbọ́ Faransé, mo gbọ́ Haúsá àti Zarma, mo sì ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ọmọ agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, oníṣòwò aṣọ. Òun ló mú mi wá sí Niamey, ilé rẹ̀ ní Koira Kano ni mo gbé fún ọdún mẹ́rin, òun náà ló sì bẹ ọ̀gá mi kó tó gbà mí síṣẹ́. Nígbà tó fẹ́ kó aṣọ ṣáddà lọ tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà, èmi ni mo bá a wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ wa. Inú mi dùn pé èmi náà rí nǹkan ṣe fún un.

Ọkọ̀ náà kò dé Arlit. Ìjì iyanrìn jà, ó bo ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀, a ò sì gbúròó wọn mọ́. Jíìpù méjì gbéra láti Agadez láti wá wọn. Àgbàlagbà Tuareg kan ló ṣíwájú, ọkùnrin tó mọ aṣálẹ̀ náà bí ẹní mọ àgbàlá ilé rẹ̀. Rédíò wọn ò lè gbọ́ ti ọkọ̀ tó sọnù. Ìṣe rédíò yẹn ni: ẹni tó wà nítòsí lè máà gbọ́, kí ẹni tó jìnnà réré máa gbọ́ kedere. Nítorí náà, ọwọ́ èmi tí mo wà ní Niamey ni gbogbo rẹ̀ wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà pè mí. Ó ní, "Bátìrì wọn ò ní pẹ́ kú. Bó o bá gbọ́ wọn, má bi wọ́n ní nǹkan míì. Òkè wo ni wọ́n ń rí, ìhà wo ló sì wà sí wọn?" Mo ní mo ti gbọ́. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wá jókòó tì mí. Ọkọ mi ló ń pè mí, bó ṣe ń pe gbogbo àwa ọmọ agboolé. Ó ń fa tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Àfi bí ohùn ẹ̀gbọ́n ṣe jáde, tó tínrín, àmọ́ tó mọ́ gaara.

"Àsàlámù àlékùm. Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Awakọ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kó tó lọ wá omi. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí rédíò yẹn. Bí ẹni ọ̀hún bá ṣì tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, o ò lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti fi bọ́tìnnì sílẹ̀, àyè wá kàn mí. Bébà wà lójú mi kòró. Mo sì dìde lórí àga, mo tẹ̀ ba bí ẹni pé ó ń wò mí, mo ní, "Àlàáfíà la wà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú àfaradà oòrùn."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó mi ńkọ́?"

"Dáadáa ni wọ́n wà. Ìyàwó yín nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní kí n kí yín."

"Sọ fún wọn kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Omi wà lọ́wọ́ mi. Kò séwu."

Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ọkọ wo ni yóò sọ létí ìyàwó rẹ̀ pé òǹgbẹ ń pa òun lọ? Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ewu." Mo kí i kú ewu, ewu ò sì tíì fò ó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè òkè.

"Àpáta dúdú kan ni," ó dáhùn, "orí rẹ̀ là sí méjì. Ó wà ní..."

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó di ariwo ṣàà, ó sì dákẹ́. Mo pè é títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo gbàgbé Faransé, mo gbàgbé àwọn ológun, mo ń pariwo "ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n" sínú rédíò.

Mo sọ ìwọ̀nba tí mo gbọ́ fún àgbàlagbà Tuareg náà. Òkè méjì ló jọ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yẹn, ọ̀kan ní ìlà oòrùn, ọ̀kan ní ìwọ̀ oòrùn, ìrìn bí ọjọ́ kan gbáko sì wà láàárín wọn. Ti ìlà oòrùn ni àwọn jíìpù náà kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dé èkejì, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Àgbàlagbà náà pè mí, ohùn rẹ̀ ò yí padà, ó ní, "Má jẹ́ kí obìnrin yẹn jókòó tì ọ́ lónìí." Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n tú ìdì ṣáddà rẹ̀, ó ta á mọ́ ara ọkọ̀ láti fi ṣe ibòòji, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti bá a. A ò rí awakọ̀ títí dòní.

Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí mo kó láti ilé ni mo gbé dé iwájú rédíò yẹn. Ìgbà mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n fi àyè sílẹ̀ fún mi, ìgbà mẹ́ta ni mo sì fi kí i. Àwọn èèyàn máa ń tù mí nínú pé àgbà ni, ta ló máa já lu ọ̀rọ̀ àgbà? Mo ti gbìyànjú láti gbà bẹ́ẹ̀, kò wọ̀ mí lọ́kàn. Ká ní mo yájú sí i lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bóyá ì bá padà wá bá mi wí. Ní báyìí tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, kí ẹni tó pè mí tó ṣe "ẹ kú ilé", mo ti ní, "Níbo lo wà?" Àwọn ọmọ mi ní mi ò mọ èèyàn kí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ìgbà tí mo délé tí kì í di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Yóò ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kó béèrè mi. Ẹ jẹ́ kí n gbóhùn rẹ̀ dáadáa." Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, ohùn yẹn ló kù fún un. Mi ò tíì sọ fún un rí ohun tí a fi ra ohùn yẹn.

Mo máa ń ní kò tọ́pẹ́.