Àpáàdì Tí Ìyá Fi Ń Fá Kókò

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Lianxiu ti ń wá irun ehoro. Kì í ṣe ehoro inú igbó o. Ìlà wẹ́wẹ́ bí irun ni, tó máa ń sun wálẹ̀ lára abọ́ dúdú tí àwọn baba ńlá wọn ní ìlú Shuiji, ní ilẹ̀ Ṣáínà, fi ń mu tíì láyé ọjọ́un. Á lọ òkúta pupa tó kún fún irin, á po eérú ewéko mọ́ ọn títí á fi ki bí ẹ̀kọ, á rẹ abọ́ sínú rẹ̀, ìyẹn omi dídán tó ń mú ara abọ́ dán nínú iná, á kó wọn sínú iléru. Tó bá ṣí i, abọ́ á dúdú bí ìdí ìkòkò lásán.

Shuigen ọkọ rẹ̀ kì í pariwo, ṣùgbọ́n ehù ọparun jíjẹ tó ń sá tà ti ń bu lójú òjò, kò sì ríbi kó o sí. Àwọn méjèèjì wá fẹnu kò: ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí wọ́n á dáná sí iléru. Bí kò bá bọ́ sí i, ilé iléru á di ilé ehù ọparun. Lianxiu gbà.

Lọ́jọ́ kan ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń fi àpáàdì fá èèpo kókò. Àfọ́kù abọ́ dúdú àwọn baba ńlá náà ni, òkè ẹ̀yìn ilé wọn kún fún un. Lianxiu mú àfọ́kù abọ́ tirẹ̀ láti bá wọn fá díẹ̀.

"Gbé ìyẹn sọ́hùn-ún, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Ìdí abọ́ tìrẹ ń yọ̀ bí ọṣẹ. Kókò á kàn máa fi ọ́ ṣẹ̀sín ni."

"Màmá, amọ̀ olówó ńlá ni o. Ọkọ̀ ló gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn."

"Ó dáa, kí ọkọ̀ náà wá fá kókò."

Lianxiu rẹ́rìn-ín. Ó fi àtàǹpàkò pa ìdí àpáàdì ìyá: ó rí ṣákiṣàki, ó pọ́n bí irin tó dípẹtà. Amọ̀ tirẹ̀ funfun, ó kúnná bí àtíkè. Àṣé inú omi dídán nìkan ló ti ń wá irin kiri. Kò mọ̀ pé amọ̀ abọ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó máa fi irin bọ́ omi náà nínú iná.

Ó gbé ọkọ́, ó wa amọ̀ pupa lẹ́yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀, kò sì jọ̀ ọ́ kúnná. Ó fi mọ abọ́, ó rẹ wọ́n sínú omi dídán, ó sì kó wọn sínú iléru fún iná ìkẹyìn náà.

Nígbà tí iléru tutù, nínú ogójì abọ́, ọ̀pọ̀ ti wọ́, àwọn mìíràn lẹ̀ mọ́ra, àwọn kan sì fọ́. Ọ̀kan péré ni irun ehoro sun wálẹ̀ lára rẹ̀ láti ẹnu dé ìsàlẹ̀, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ fà á. Shuigen yí i lọ́wọ́ títí. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó lọ kó ehù ọparun rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn àwọn méjèèjì.

Ìyá ò wo abọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó fọ́ ni wọ́n ṣà, wọ́n fi fá kókò kan wò.

"Eléyìí fá a," ni wọ́n ní.