Ọjọ́ Ìrun Òjò ní Búdó Àlàbí

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé akíkanjú ni Abdulmumini ará àdúgbò Gàmbàrí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojo ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́.

Ọmọ alápatà ni, ní Ìlọrin. Òyìnbó ti gbé àsíá wọn sílùú fún bí ọdún mẹ́wàá kí ó tó wọṣẹ́ sójà. Kí wọ́n tó fún un ní fìlà pupa àti ìbọn, wọ́n ní kó gbé ọwọ́ lé Kùránì, kó búra pé òun kò ní kọ àṣẹ kankan. Ìbúra yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún un.

Ní ọdún ọ̀dá kan, àwọn àgbẹ̀ abúlé Búdó Àlàbí kọ̀ láti fi ènìyàn ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ ọ̀nà. Ọ̀gá sójà, òyìnbó, kó ogún sójà lọ bá wọn. Ìdájí ni wọ́n gbéra.

“Mùmíní,” ni Àdìsá, sójà tó ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, pè é. “Ẹsẹ̀ rẹ ń gbọ̀n bí ti àgbò tó gbọ́ pé Iléyá dọ̀la.”

“Àgbò yẹn gbọ́n,” ni ó fèsì. “Ó sàn ju alápatà tí kò mọ ohun tó fẹ́ pa lọ.”

Nígbà tí wọ́n yọ sí abúlé, oòrùn ti mú. Gbogbo ará abúlé wà ní pápá. Àwọn ọkùnrin tò ní ìlà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àwọn sójà. Àwọn obìnrin, ọmọdé àti ewúrẹ́ wà lápá kan. Lójijì, àwọn ọkùnrin náà bọ́ ẹ̀wù wọn, wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n sì tún un wọ̀.

Òyìnbó kígbe pé àmì ogun nìyẹn. Ó ní kí àwọn sójà kúnlẹ̀, kí wọ́n kó ọta sínú ìbọn, kí wọ́n máa retí àmì ọwọ́ òun kí wọ́n tó yìn ín.

“Sájẹ́ǹtì,” ni Abdulmumini sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún Danjuma, “ìrun òjò ni wọ́n ń kí. Wọ́n yí ẹ̀wù dà kí Ọlọ́run lè yí ọ̀dá dà.”

“Mo ti sọ fún un. Ó ní ẹ̀tàn ni. Pa ẹnu mọ́.”

“Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé o búra ni àbí o ò búra?”

Ẹ̀yìn bàbá àgbàlagbà kan ni ìbọn Abdulmumini kọjú sí. Ó ń rí ojú ibi tí wọ́n ti rán ẹ̀wù tí bàbá náà yí dà. Òyìnbó gbé ọwọ́ sókè.

Abdulmumini fi ìbọn sílẹ̀. Ó dìde, ó bọ́ ẹ̀wù kakí rẹ̀, ó yí inú rẹ̀ síta, ó wọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí pápá. Àwọn tó ń sọ pé ó sáré kò sí níbẹ̀. Òyìnbó ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀. Ìtọ̀ gbóná ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń retí ọta láàárín èjìká méjèèjì.

Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ bàbá yẹn nínú ìlà, bàbá náà kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn ní, “Sún mọ́ mi, ọmọ mi. Má fi àlàfo sílẹ̀.”

Ìbọn kò dún. Àdìsá sọ lẹ́yìn náà pé ńṣe ni wọ́n ń wo ẹ̀yìn kakí yẹn, tí wọ́n sì ń wo ojú ara wọn, títí òyìnbó alára fi gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láì pàṣẹ.

Wọ́n so Abdulmumini mọ́ igi, wọ́n nà án ní pàṣán mẹ́rìnlélógún, wọ́n sì gba fìlà lórí rẹ̀. Àwọn kan ní òjò rọ̀ bí wọ́n ṣe ń nà án. Irọ́ ni. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni òjò tó rọ̀.

Nílé, àáfà ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìbúra tó dà. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, ibi tí ògiri bá wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ti lè kírun.

“Bàbá Ràúdátù,” ni Talatu ìyàwó rẹ̀ sọ, “kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn yín mọ́.”

Ó ní òun mọ̀. Ó sì tún sún ẹní rẹ̀ mọ́ ògiri.