Ọdún Tí Mo Tọ́ Ẹja Òkun ní Dutse Alhaji

Òórùn òkun ni mo fi ń rántí ọdún náà. Àbújá kò ní òkun; ẹni tó bá fẹ́ rí òkun láti ibí yóò jókòó sínú ọkọ̀ títí ìdí rẹ̀ yóò fi kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn páálọ̀ mi ní Dutse Alhaji nígbà náà, òórùn omi iyọ̀ ni yóò kí i kí èmi tí mo ni ilé tó kí i. Àwọn àlejò mi rò pé òórùn ọjà mi ni mo gbé wálé, torí ẹja yìnyín ni mo ń tà títí di òní: kọ̀tẹ̀, ṣáwá, pańla, èyíkéyìí tó bá ti kú tó sì ti le gbagidi nínú fìrísà. Ìwé karùn-ún ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n gbé ẹja síwájú mi, ojú rẹ̀ nìkan ni n ó wò, n ó sì sọ fún ọ bóyá iná ti lọ mọ́ ọn lórí rí.

Oníbàárà mi kan, ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ló kó mi sí i. Àpọ́n ni. Dípò kó gbé ìyàwó, àpótí gíláàsì ńlá kan ló gbé sílé, ó da omi iyọ̀ sí i, ó ń sin ẹja òkun níbẹ̀. Wọ́n wá ní kó lọ kàwé ọdún kan lókè òkun. Ó dé ìsọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún, ó ní, “Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ̀yin lẹ mọ ẹja. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú tèmi.”

Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá bi í pé irú ẹja wo. Ṣùgbọ́n aláta tí ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ tèmi ti na etí. Obìnrin yẹn kì í rẹ́rìn-ín àyàfi bí ó bá jẹ́ èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá, òkú ẹja ni Ìyá Ẹlẹ́ja mọ̀ o. Ẹ má gbé alààyè fún un, kó má di ọjà lọ́la.”

Gbogbo ìlà wa bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀, mo gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn pàápàá lè gbọ́: “Bí ẹyọ kan bá kú nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́ja mọ́!” Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́. Tèmi ò tíì dé ilẹ̀ tí aláta fi ti tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ láti gbà á.

Wọ́n gbé àpótí náà dé, ọ̀gá tẹ̀ lé wọn, àwọn ọkùnrin tó gbé e ń làágùn bí ẹni gbé pósí olówó. Wọ́n ní láti gbé àga ọkọ mi síta kí àyè tó gbà á. Ọkọ mi, tó ń fi òòlù na ara mọ́tò tó tẹ̀ ní Apo, dé láti ibi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú gíláàsì. Ẹja mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pupa bí epo, ọ̀já funfun lára wọn bí ẹni tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Ńlá kan, àárín kan, kékeré kan. Wọ́n ń gbé láàrin nǹkan kan tó dà bí òdòdó oníka púpọ̀, tí ọ̀gá ní òun náà ẹranko ni. Òkúta wà káàkiri, ó ní àwọn náà wà láàyè.

“Ńlá yìí ni ìyàwó mi,” ni ọ̀gá wí. “Obìnrin ni. Àárín yìí ni ọkọ rẹ̀. Kékeré yẹn ò tíì jẹ́ nǹkan kan.”

“Obìnrin ló tóbi jù?” ni ọkọ mi bi í.

“Obìnrin ló ni ilé, sà.”

Ọkọ mi wo ibi tí àga rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Bí ti ibí náà ni.”

Ọ̀gá kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń jẹun, ó ní kí n má jẹ́ kí omi gbóná, ó sì na ìka sí àwọ̀n tó wà lórí àpótí náà pé kó má ṣí sílẹ̀, torí wọ́n máa ń fò. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀.” Ìyẹn ni pé mi ò gbọ́ ìdajì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì parí tí mo fi rí i pé àwọn òkúta náà dọ̀tí, wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Èmi tí mo ń fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja fún àwọn oníbàárà, ṣé n ó jẹ́ kí ìdọ̀tí bá mi gbélé ni? Mo gbé ọ̀kan sínú bàsíà, mo ń fi kànìnkàn ha á. Bí mo ṣe da omi lé e ni nǹkan kan bí aràn gígùn yọ orí láti inú ihò, ó wò mí bí onílé ṣe ń wo ẹni tó wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Mo ju bàsíà, mo bọ́ síta. Mẹ́rúwá tó ń já gálọ́ọ̀nù omi sílẹ̀ ní àgbàlá wa fò sẹ́yìn.

“Kai! Ìyá, kí ló dé?”

“Òkúta bímọ!”

Nígbà tí mo pe ọ̀gá lórí fóònù, òun náà pariwo láti òkè òkun lọ́hùn-ún. “Ẹ̀mí lẹ̀ ń fọ yẹn o, Ìyá! Ìdọ̀tí yẹn ló ń fọ omi fún wọn!” Mo ní kò burú. Mo ti rí ìdọ̀tí tó ń fọ omi. Ó kù kí n rí olè tó ń ṣọ́ ilé.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé, omi àpótí ń fà lójoojúmọ́. Mo rò ó pé ẹja iyọ̀ ni, omi iyọ̀ ni yóò mu, mo sì ń po iyọ̀ òkun tí ọ̀gá kó sílẹ̀ mọ́ omi, mo ń fi dí èyí tó gbẹ. Òdòdó oníka bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì bí ọwọ́ ahun. Ẹja ńlá, ìyàwó ọ̀gá, jókòó sísàlẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Mo gbàdúrà títí, ara rẹ̀ kò yá. Ọjọ́ Àìkú kan, mo tún ọbẹ̀ ẹ̀gúsí gbóná fún ọkọ mi, ó tọ́ ọ wò, ó fojú ro.

“Iyọ̀ yìí pọ̀ jù.”

“Mi ò fi iyọ̀ kún un láti ọjọ́ Ẹtì. Omi rẹ̀ ló gbẹ. Ṣé iyọ̀ máa ń bá omi gbẹ ni?”

Ẹnu mi ló sọ ọ́, etí mi ló gbọ́ ọ. Mo fi ọbẹ̀ sílẹ̀, mo mú ṣíbí lọ síbi àpótí, mo bu omi ẹja, mo tọ́ ọ wò. Ọkọ mi dìde dúró. Iyọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi ní ahọ́n! Láti ọjọ́ náà omi lásán ni mo fi ń dí i, díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń ṣe ọbẹ̀, òdòdó sì tún la ìka rẹ̀. Ọkọ mi kò jẹ́ kí n gbàgbé pé ẹnu òun ló gba ẹja là.

Ooru ló tẹ̀ lé ọyẹ́. Iná ìjọba lọ, omi àpótí gbóná bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Èyí ò wá lè ba èmi lẹ́rù. Ta ló mọ yìnyín tó mi? Mo rọ omi sínú ike, mo dé e pinpin, mo tì í sáàrin àwọn kọ̀tẹ̀ nínú fìrísà ìsọ̀ mi, bó bá ti dì, mo gbé e wálé láti máa léfòó láàrin ẹja. Wọ́n sọjí. Mo sọ fún gbogbo ọjà pé fìrísà tó ń tọ́jú òkú náà ló ń gba alààyè là. Aláta doríkodò sídìí àtẹ rẹ̀. Ó ń to ata rodo bí ẹni tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí orí mi ti wú nìyẹn. Kí n tó fi ike yìnyín sínú omi, mo gbọ́dọ̀ ká àwọ̀n kúrò. Mo ń kánjú àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi yìnyín sí i, mo gbàgbé àwọ̀n sórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo tọjà dé, ẹja méjì ni mo rí. Mo wo ẹ̀yìn òkúta, mo wo ẹ̀yìn àga tèmi. Ẹ̀yìn àga ló wà, ìyàwó ọ̀gá, ó ti gan. Mo wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń wo ojú ẹja. Ojú ẹja kì í parọ́.

Ọkọ mi ṣí fìlà. “Ṣé ká sin ín ni, àbí ká sè é?”

Mo wò ó. Ó gba ìta lọ. Mo sin ín sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ.

Ẹ lè máa rò pé kí ni orúkọ kan jámọ́ tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Orúkọ yẹn kì í ṣe ẹnu ọjà lásán. Ìyá mi ló kọ́kọ́ jẹ́ Ìyá Ẹlẹ́ja nílé wa ní Ọ̀ṣun. Ìwé karùn-ún ni mo wà tó kú. Èmi ni àkọ́bí. Mo gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ rù, àwọn àbúrò mi tò tẹ̀ lé mi, kò pẹ́ tí àwọn náà fi ń pè mí ní Ìyá. Ohun tí mo jogún lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju orúkọ náà lọ, mo sì ti fi í ta tẹ́tẹ́ níwájú aláta.

Nítorí náà, mo fi nǹkan pa mọ́. Bí ọ̀gá bá pè láti rí wọn nínú fóònù, òkúta ni mo ń fi hàn án. “Ìyàwó mi ńkọ́?” “Ó ń sinmi, ọ̀gá.” Irọ́ kọ́ nìyẹn, òkú a máa sinmi. “Ẹ sún fóònù mọ́ ọn.” “Hẹlóò? Hẹlóò? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí yìí, ọ̀gá!” N ó sì pa fóònù.

Lórí ẹja ọkọ tó ṣẹ́kù ni mo ti ń sọ ìbínú mi kalẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹja náà kò ṣọ̀fọ̀ rárá. Ó gba àárín òdòdó, ó ń jẹun bí ẹni tó jogún, ó ń lé kékeré kiri. Ó ń tóbi, ó ń fẹ̀. Bí mo bá ń fún un lóúnjẹ, mo ń bú u: “Ìwọ yìí! Ìyàwó rẹ kú, ikùn rẹ ń yọ. Ọkùnrin kò ní ojútì!” Ọkọ mi yóò húkọ́ nínú yàrá.

Ọdún pé, ọ̀gá dé. Kò gba ilé rẹ̀ kọjá, ó bá mi lọ́jà, ó ní ká lọ. Aláta gbé aṣọ bo ata rẹ̀, ó ní òun náà ń bọ̀ wá kí ẹja káàbọ̀. Mo mọ ohun tó ń bọ̀ wá kí.

Ọ̀gá dúró níwájú gíláàsì, ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pa dé. “Ìyàwó mi rèé! Ó tún sanra sí i! Ọkọ rẹ̀ náà rèé.” Ó wá yọ ojú káàkiri. “Àh. Kékeré ló kú. Kò burú, Ìyá. Kékeré máa ń kú.”

Aláta ń wo ẹnu mi. Mo lè pa á mọ́, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń sọ òótọ́ nípa ẹja ẹlẹ́ja látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé ti inú ilé mi ni n ó purọ́ sí? Mo ní, “Ọ̀gá, ìyàwó ló kú. Ó fò jáde, èmi ni mo ṣí àwọ̀n. Ọkọ ni ẹ̀ ń wò yẹn. Òun ló jẹun tó di báyìí.”

Aláta la ẹnu. Ọ̀gá tún bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí obìnrin wọn bá kú, ọkọ a di obìnrin, a di ìyá ilé, a tóbi. Kékeré a dàgbà, a di ọkọ. Ó ní ìyàwó lòun ń wò yìí lóòótọ́.

“Ọkọ di kí ni?” ni ọkọ mi wí láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Láti ọjọ́ náà, bí orí bá ń fọ́ mi, òun ló ń du kí n lo oògùn.

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, aláta ń nu ojú. Èmi nìkan ni mo ń wo inú omi. Gbogbo èébú tí mo ti bú ẹja yẹn ń pa dà wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pè é ní ọ̀jẹun, mo pè é ní aláìlójútì, ẹni tí ikú já ilé lé lọ́wọ́ ní ọ̀sán gangan, tí kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó ti ṣetán.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Àmì iyọ̀ funfun ṣì wà nílẹ̀ páálọ̀ mi níbi tí àpótí náà jókòó sí. Àga ọkọ mi ti pa dà síbẹ̀, kò bò ó tán. Aláta ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́ja bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òkú kan kò tó gba orúkọ, ṣùgbọ́n kí n má dán kejì wò. Bí mo bá gbé ọjà lọ fún ọ̀gá, mo máa ń yà sí páálọ̀ rẹ̀. Ẹja náà ti gbó, ó jókòó láàrin òdòdó rẹ̀ bí ìyáálé. Aláta tẹ̀ lé mi lọ lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ bí mo ṣe kí i, ó sì bú sẹ́rìn-ín pé ta ló ń fi ẹ̀yin kí ẹja.

Mo tún kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ilé o, Ìyá.”