Ìwé Tí Ọmọ Mi Kọ́ Sórí

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, oorun sì ń kùn mí. Nínú ilé wa ní Levenshulme, nílùú òyìnbó, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ń wẹ ojú fèrèsé, gbogbo nǹkan sì ń rí lójú mi bí ohun tó wà lábẹ́ omi.

Kánsù ń rán obìnrin kan bọ̀ wá ṣe assessment, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀kọ́, fún ọmọbìnrin mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Mo ti yọ ọ́ kúrò ní school nítorí ẹkún àràárọ̀, èmi fúnra mi ni mò ń kọ́ ọ nílé. Ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n ìwé kíkà kò wọ̀ ọ́ lórí rárá. Bí obìnrin náà bá rí ìṣòro ọ̀hún, wọ́n lè fún un ní olùkọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀. Bí kò bá rí i, èmi àti oorun mi náà la ó jọ máa bá a yí.

Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá mi, tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìdánwò ni ìdánwò sì ń jẹ́ létí tíṣà: kí ọmọ ṣáà ti yege. Wọ́n tilẹ̀ ní kí pastor bá wa gbàdúrà àṣeyọrí, gbogbo ìjọ sì ṣe àmín kíkankíkan. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé kí wọ́n gbàdúrà kó féèlì?

Obìnrin náà dé, ó ní kí ọmọ mi mú ìwé tó bá fẹ́ràn wá. Ọmọ mi ṣí ìwé kan nípa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó fi ìka sójú ìwé, ó sì ń kà á geere. Omi lé sí mi lójú. Mo gbà pé iṣẹ́ ìyanu ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí mi.

"She's doing really well," ni obìnrin náà wí. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìgbà náà ni mo rí ìka ọmọ mi. Orí àwòrán ló wà. Ìyá mi ti kọ́ ọ ní gbogbo ìwé náà sórí, ní "sọ ọ́ tẹ̀lé mi", bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Abẹ́òkúta.

Bí mo bá dákẹ́, ó parí nìyẹn. Mo ní, "Please, let her start from the last line."

Ọmọ mi fi ìka wá ìlà ìkẹyìn, kò rí ọ̀rọ̀ kan kà níbẹ̀.

"Kí ló dé tó o fẹ́ dójú ti ọmọ ẹ?" ni ìyá mi bi mí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe rí."

"Grandma, ẹ má bínú," ni ọmọ mi sọ. "The letters keep moving. Wọn kì í dúró."

Obìnrin náà fi sùúrù bi í láti ìgbà wo. Ọmọ mi ní láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Obìnrin náà kọ̀wé títí, ó sì sọ fún mi pé òun á kọ ọ́ pé ọmọ náà nílò ìrànlọ́wọ́. Mo mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn tó lọ, ìyá mi ṣì jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ ọ̀tún wọn. Mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni.

"Ó ní wọn kì í dúró," ni wọ́n wí. "Irú ẹ̀ pọ̀ ní kíláàsì mi. Mo máa ń sọ pé olóríkunkun ni wọ́n."

Wọ́n gbójú sókè.

"Gbogbo wọn ni mo nà."