Káàdì Kẹta

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já béèlì báàgì òkìríkà, òórùn méjì ló máa ń jáde nínú rẹ̀. Ti káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kọlu èèyàn nímú, lẹ́yìn náà ni ti yàrá tí wọ́n ti tì pa fún ìgbà pípẹ́, yàrá ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí ní ìlú tí a ò dé rí. Aládùúgbò mi kan, ọmọ Òṣogbo, ló ń ta báàgì yìí ní Oju-Ore. Ní ọ̀sán Sátidé tí mi ò bá ti sí níbi iṣẹ́, mo máa ń lọ jókòó tì í, màá máa bá a yẹ síìpù àti ọwọ́ àwọn báàgì náà wò. Mi ò lè rí nǹkan kí n má yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sango tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò, mo sì ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀ nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí aládùúgbò mi fi sọ mí ní Màdáámù Àyẹ̀wò.

Nínú àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì pupa kan ni ọwọ́ mi ti kan páálí kékeré kan lọ́jọ́ Sátidé kan. Káàdì ló wà nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ta wọ́ọ̀tì ni, àmọ́ àwòrán ara wọn yàtọ̀: ọba lórí ìtẹ́, ìràwọ̀, ọkùnrin tí wọ́n so kọ́ lẹ́sẹ̀ kan. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà pẹ̀lú wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní tárò ni orúkọ wọn, pé àwọn òyìnbó máa ń fi wọ́n wo ohun tó ń bọ̀. Méjìdínlọ́gọ́rin ni ìwé náà ní kí ó jẹ́. Mo kà wọ́n, ó pé.

“Màdáámù Àyẹ̀wò, ẹ máa mú un lọ,” ni aládùúgbò mi wí. “Bó bá sọ pé ọkọ tuntun ń bọ̀ wá bá mi, ẹ tètè wá wí o, kí n lè lọ ṣe irun.”

“Èyí tó wà nílé ńkọ́?”

“Ìyẹn? Ẹ sáà bá mi bi káàdì léèrè ìgbà tó máa jí lójú oorun.”

A rẹ́rìn-ín títí. Mo ju páálí náà sínú àpò mi. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Àmọ́ nǹkan kan wà lọ́kàn mi ní àkókò náà, ẹni tó bá ti tọ́mọ rí yóò mọ irú rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ilé-iṣẹ́ kan ní Agbara ti gbà á pé kó wá fi ọdún méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bọ́ọ̀sì wọn ni yóò máa gbé e ní Oju-Ore ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, òun náà ni yóò máa dá a padà. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni fọ́ọ̀mù tí òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, kó sì dé ọwọ́ wọn ní ọjọ́ Ajé. Láti kékeré lọmọ yìí ti ń tú fáànù àti áyọ́ọ̀nù ilé wa palẹ̀, tó sì ń tò wọ́n padà. Láàárọ̀, lálẹ́, orin kan náà ló ń kọ: “Mummy, ẹ má gbàgbé fọ́ọ̀mù mi o.”

Mi ò gbàgbé. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mọ bí àwọn tírélà ṣe ń sáré lọ́nà Agbara. Mo sì ti rí ìka èèyàn tí ẹ̀rọ gé rí, níwájú mi, ní ilé-iṣẹ́ tiwa. Ìwé ìròyìn ayọ̀ ni fọ́ọ̀mù yẹn lójú ọmọ mi. Lójú tèmi, bí ẹni pé wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé ohunkóhun tó bá ṣe é, èmi ni mo fà á.

Nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, tí ọmọ náà padà lọ fún ìdánrawò orin, mo jókòó sórí ibùsùn, mo sì ka ìwé pẹlẹbẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mú bírò àti ìwé dání. Wọ́n ní kí n béèrè ìbéèrè kan, kí n po káàdì pọ̀, kí n yọ mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà tí ẹni náà fẹ́ rìn, èkejì ni ohun tí yóò bá pàdé, ẹ̀kẹta ni ìdáhùn. Ìbéèrè mi kò gùn: ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Ọkùnrin kan tó dúró sínú kẹ̀kẹ́ ogun ló kọ́kọ́ jáde, ẹranko méjì ló wà níwájú kẹ̀kẹ́ náà, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Ìwé ní ìtẹ̀síwájú ni, ìṣẹ́gun sì ni. Mo yẹ àwòrán náà wò dáadáa, mo sì rí i pé ọkùnrin náà kò mú ìjánu kankan lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: awakọ̀ kò di ọkọ̀ mú, kò dára. Èkejì jẹ́ ilé gogoro tí mànàmáná bẹ́ lórí, tí èèyàn méjì ń já bọ́ láti òkè, orí wọn nísàlẹ̀. Ìwé sọ ọ́ gbangba pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka káàdì má ṣe kà á sí jàǹbá, pé ohun tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dúró ni yóò wó kí wọ́n lè tún un kọ́. Mo ní irú ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì máa ń bá ará ilé aláìsàn sọ nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé: kò dára.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ kékeré kan lórí ẹṣin funfun, tó na ọwọ́ méjèèjì, tí oòrùn ń ràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ní ayọ̀ ni, pé bí ìbéèrè bá wà, “bẹ́ẹ̀ ni” ni ìdáhùn rẹ̀. Mo kà á. Mi ò kọ nǹkan kan.

Mo ti bi ara mi léèrè títí pé kí ló dé tí mi ò kọ ọ́. Níbi iṣẹ́ wa, bí ẹ̀rọ bá ti parí ìpín kan, páálí mẹ́ta la máa ń yọ nínú rẹ̀ láti yẹ̀ wò. Bí méjì bá ti bàjẹ́, a kì í wo ẹ̀kẹta mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló máa padà sẹ́yìn. Ọwọ́ mi ti mọ òfin yẹn fún ọdún mọ́kànlá. Ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú rí lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ohun tí kò yé mi lọ́jọ́ náà ni pé bí ẹ̀rù bá ti wà nínú ojú tí mo fi ń wò, kò sí ohun tí yóò yege.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí ọmọ mi dé. Mo sọ fún un pé mi ò ní fọwọ́ sí i. Ó bi mí léèrè ìdí rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ tírélà, ó dáhùn. Mo sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ó dáhùn. Nígbà tí àwáwí tán lẹ́nu mi ni mo kó káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú rẹ̀. Ó wò wọ́n, ó wò mí. Ó mú ẹ̀kẹta.

“Mummy, èyí ńkọ́? Ọmọ tí ń ṣeré lèyí.”

“Méjì nínú mẹ́ta ti bàjẹ́.”

“Ṣé ìdérí ìgò ni mí ni?”

Mo pariwo mọ́ ọn pé kó má rí mi fín. Kò rí mi fín. Ó rọra fi káàdì náà lélẹ̀, ó lọ pọn omi. Ní ọjọ́ Ajé, fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò bẹ̀ mí mọ́.

Ọmọbìnrin kan láti Alapoti ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Fún ọdún méjì gbáko ni mò ń rí i bó ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì Agbara ní Oju-Ore, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù, bí èmi náà ti ń lọ síbi iṣẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń lọ, ojoojúmọ́ ló ń bọ̀. Mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ pé.

Ọmọ tèmi kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ tí mo fi í sí, kò ráhùn, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan: “Mummy, mo ti dé Ṣágámù o. Wọ́n ti gbà mí sí iṣẹ́ ẹ̀rọ.” Ó ti ṣe ìdánwò, ó ti rí yàrá, ó ti sanwó rẹ̀, èmi sì rò pé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lọ. Inú mi dùn, mo sì sunkún. Láti ìgbà náà, lẹ́yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ tán ni mo máa ń gbọ́. Bó bá gba ìgbéga, màá gbọ́. Bó bá rìnrìn àjò, ó ti dé kí n tó mọ̀ pé ó lọ. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, ó ń fowó ránṣẹ́, ohùn rẹ̀ tutù. Ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ tí mo ní kó má lọ Agbara ni ó bi mí ní “ṣé kí n ṣe é?” kẹ́yìn.

Lọ́dún tó kọjá, ó pè mí, a ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àti òjò, ló bá ní kí n má bínú, pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, àpẹ́ńdíìsì ni, pé ó ti jinná, wọ́n ti tú òwú rẹ̀. Mo dìde dúró.

“Ta ló dúró tì ọ́?”

“Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ni, Mummy. Ẹ̀yin ì bá ti ní kí wọ́n má ṣe é.”

Mo kàn béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ó ní Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ọjọ́rú náà lọ́kàn mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan ti sọ fún mi, bóyá àyà mi já, bóyá mo lálàá. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Mo tètè dé láti ibi iṣẹ́, mo jẹun yó, ọkàn mi sì balẹ̀ ju bó ṣe máa ń balẹ̀ lọ.