Oríkì Ta Ni Bàbá Pè Nígbà Tí Akọni Fò?

Bàbá mi gba ipò mi nínú fíìmù onídà, ó gbé e fún àbúrò mi ọkùnrin, ojú mi ló sì ti ṣe é.

Kí a tó kó wá sí Àbújá, nígbà tí a ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan ṣoṣo la ní. Ìtàn àwọn òyìnbó atukọ̀ òkun ni, tí wọ́n ń fi okùn fò láti inú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn, idà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè inú rẹ̀ nílé wa. Bàbá ló máa ń túmọ̀ rẹ̀, irọ́ ló sì ń pa látòkè délẹ̀. Gómìnà burúkú tí ń fìyà jẹ ará ìlú, onílé wa ni Bàbá sọ ọ́ dà. "Ẹ wojú ẹ̀! Ó tún ti ti kànga pa!" Àwa á bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n bí akọni bá ti di okùn mú, àwàdà tán nìyẹn. Bàbá á dìde dúró, á sì kì mí. Oríkì mi gan-an, tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ, ni yóò máa pè títí ẹsẹ̀ akọni á fi kanlẹ̀ nínú ọkọ̀ kejì. Ó ní bí òun kò bá kì í, yóò já sómi. Àbúrò mi wà lẹ́yìn ìyá wa nígbà náà, ó ń sùn, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún 2007, àbúrò yìí, tó ti di òṣìṣẹ́ báńkì, rí fíìmù náà rà ní ọjà Wuse. Ó pè wá sí ilé rẹ̀ ní Kabusa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù àga rẹ̀ ní Kugbo pa nítorí rẹ̀. Mo lọ jókòó tì í. Mo sún mọ́ ọn bí ọmọdé, àgbàlagbà bíi tèmi.

Akọni di okùn mú. Bàbá dìde. Oríkì àbúrò mi ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló fò.

Mo ní, "Bàbá, èmi lẹ máa ń kì níbẹ̀."

"Ìwọ kẹ̀? Ta ló ń fi oríkì obìnrin kì ajagun?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Kai, ẹ̀gbọ́n mi!" Àbúrò mi dá sí i. "Ẹ ń jowú torí fíìmù? Mo rántí dáadáa, orí ẹsẹ̀ Bàbá ni mo máa ń jókòó sí."

"Kí lo rántí? Ọyàn lò ń mu!"

Ìyá wa, tó mọ òtítọ́ ju gbogbo wọn lọ, ń bó ọsàn. Ó ní, "Fi sílẹ̀ fún un, ọmọ mi. Àbúrò rẹ ni. Ṣebí eré ni."

Fi sílẹ̀! Mo ti fi orí ẹja sílẹ̀ fún un, mo ti fi ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀. Ilé rẹ̀ ní Kabusa kò dùn mí. Irọ́ ni, ó dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì, "alákọ̀wé" ni Bàbá ń pè mí. Kò fi oríkì pè mí mọ́ rárá. Inú fíìmù yẹn nìkan ló kù tí mo ti lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ohun tí mo sì torí rẹ̀ wọkọ̀ wá nìyẹn.

Nítorí náà, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn dá mi lóhùn. Ìwọ àbúrò, ta ló kọ́ ọ ní ìrántí tí kì í ṣe tìrẹ? Màmá, kí ló dé tí ẹ mọ òtítọ́, tí ẹ ń bó ọsàn? Bàbá, ìgbà wo lẹ yọ mí kúrò lórí okùn yẹn, kí sì ni mo ṣe? Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn, sà. Oríkì mi ni kí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀.